Ojú La Fi Ń Ra Àwo: Bí A Ṣe Ń Ṣà Rẹ́kọ́ọ̀dù Gbàǹjo ní Àríwá Èkìtì

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Ìkọ̀lé, ní nǹkan bí ọdún 1992, mo bá ọkùnrin kan tó tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ìkòkò àlòkù. Ó to aago ògiri tó ti kú sórí rẹ̀, ó to rédíò tí kò ní ìdérí ẹ̀yìn, ó sì kó rẹ́kọ́ọ̀dù jọ títí ó fi ga dé orúnkún. "Ẹ wá ṣà á o, gbàǹjo ni, gbàǹjo!" Náírà márùn-ún ló ń ta ẹyọ kan. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú èyí tó wà lókè pátápátá. Àwòrán Ebenezer Obey ló wà lára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fa rẹ́kọ́ọ̀dù inú rẹ̀ yọ, ti Haruna Ishola ni mo bá níbẹ̀. Ẹnì kan ti fi báírò kọ nǹkan sórí rẹ̀, n kò kà á. Mo yí ojú rẹ̀ sí oòrùn, ó ń dán yinrin yinrin. Mo sanwó, mo gbé e lọ sílé. Àwọn tó ń kọjá rò pé pàǹtí ni mo rà.

Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti bi mí pé báwo ni a ṣe ń mọ èyí tó dára nínú irú òkìtì bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn mi kò gùn. Owó pọ́ọ́kú nìkan kọ́ ló ń jẹ́ gbàǹjo. Rẹ́kọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tí kò lè kọrin mọ́, òfò ni. Ojú tó mọ ohun tó ń wò ló ń sọ ọjà di gbàǹjo. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹẹsẹ, láti orí ohun tí rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́ gan-an.

Ìlà kan ṣoṣo

Ẹ mú rẹ́kọ́ọ̀dù kan lọ́wọ́. Ó dúdú, ó rí róbótó, ó sì pẹlẹbẹ bí àwo ìjẹun. Ìdí nìyẹn tí a tún fi ń pè é ní àwo orin. Ike ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Vinyl ni orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe irú ike bẹ́ẹ̀. Àwa yóò máa pè é ní ike àwo. Ìwé róbótó kan wà láàárín rẹ̀, ihò sì wà láàárín ìwé náà. A ó máa pe ìwé yẹn ní ìwé àárín.

Bí ẹ bá wo ojú àwo dáadáa, ẹ ó rí ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín tó kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìlà wọ̀nyí tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlà kan ṣoṣo ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí àwo, ó ń yí po, ó ń yí po, títí ó fi dé ẹ̀bá ìwé àárín, bí ọ̀nà oko tó yí òkè ká. Bí ó bá ṣeé ṣe kí a tú ìlà tó wà lójú kan àwo ńlá, kí a sì nà án gbọọrọ, yóò tó nǹkan bí 400 mítà. Ó ju òòró pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ.

Inú ìlà yìí ni orin ń gbé. Bí olórin bá ń kọrin, afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ ń sọ gbígbọ̀n yẹn di gbágungbàgun sára ògiri ìlà. Nílé yín, abẹ́rẹ́ kékeré kan ń gba inú ìlà náà kọjá bí àwo ti ń yí. Gbágungbàgun yẹn ń mi abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ sì ń sọ mímì náà padà di ohùn.

Ẹ rò ó bí ẹni tó gun ọ̀kadà kúrò lórí títì ọ̀dà wọ ọ̀nà oko. Bí ọ̀nà bá ṣe rí ni ara yín ṣe ń mì. Kódà bí ẹ bá di ojú yín, ẹ ó mọ ibi tí kòtò wà. Abẹ́rẹ́ ni ẹni tó gun ọ̀kadà, ìlà ni ọ̀nà. Ẹ fi àfiwé yìí sọ́kàn, a ó tún lò ó nígbà tí a bá ń yẹ àwo wò.

Oríṣi mẹ́ta tí ẹ lè bá pàdé

Oríṣi àwo mẹ́ta ló máa ń wà nínú òkìtì. Èyí tó dàgbà jù kì í ṣe ike rárá. Oje tí kòkòrò kan ń tu sára igi nílẹ̀ Íńdíà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Shellac ni Òyìnbó ń pe oje náà. Àwa yóò pe irú àwo yìí ní àwo olóje. Ó wúwo, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ yín, yóò fọ́ bí àwo tánganran. Ó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ kan kì í sì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Irú àwo yìí ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá sí fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922.

Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní LP. Àwo ńlá ni a ó máa pè é. Ilé-iṣẹ́ Columbia gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1948. Ike àwo ni, ó sábà máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 12, ó ń yí ní ìgbà 33 àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ sì lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Àwo ńlá ló fún àwọn olórin jùjú àti àpàlà láàyè láti kọrin bí wọ́n ti ń kọ ọ́ lóde ìnáwó, tí orin kan yóò máa wọ inú òmíràn láìdúró.

Oríṣi kẹta ni àwo kékeré. Íǹṣì 7 ló fẹ̀, ó ń yí ní ìgbà 45, ilé-iṣẹ́ RCA Victor ló sì mú un wá ní ọdún 1949. Orin kan ló sábà máa ń wà lójú kọ̀ọ̀kan. Òun ni ẹni tí apá rẹ̀ kò ká àwo ńlá máa ń rà, nítorí náà òun ló pọ̀ jù nínú òkìtì, òun náà ló sì ti jìyà jù.

Ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ yíyí yìí. Bí ẹ bá fi àwo kékeré sí ìyára àwo ńlá, ohùn olórin á máa fà bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Bí ẹ bá sì fi àwo ńlá sí ìyára àwo kékeré, á máa dún bí ohùn ẹyẹ ìbákà. Mo ti rí ẹni tó da àwo rere nù nítorí èyí. Bí ohùn bá ṣàjèjì sí yín, ìyára ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó dá àwo lẹ́bi.

Bí àwo ṣe di ohun orí àpò sìmẹ́ǹtì

Owó kòkó ló gbé ọ̀pọ̀ àwo dé Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Bí àgbẹ̀ bá ta kòkó tán ní ìparí ọdún, á kan páànù sórí ilé, á san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, á ra gírámafóònù tàbí rédíògíráàmù, àpótí onígi ńlá tí rédíò àti ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo jọ wà nínú rẹ̀. Níbi tí iná kò bá dé, èyí tó ń lo bátìrì ni wọ́n ń rà. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn náà máa ń gbé àwo tuntun bọ̀ wálé fún ọdún Kérésìmesì. Ilé tí àwo bá wà, ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò máa ń péjọ sí lálẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó gba ipò lọ́wọ́ àwo ni kásẹ́ẹ̀tì. Ó kéré, ó ń ṣiṣẹ́ nínú mọ́tò, ènìyàn sì lè dà á kọ nílé fúnra rẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, kásẹ́ẹ̀tì ti wọlé dé gbogbo abúlé. Ẹni tó ní àwo Sunny Adé kan lè dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fún ogún ọ̀rẹ́, àwo fúnra rẹ̀ á sì padà sábẹ́ ibùsùn.

Ohun kejì ni owó. Láti ọdún 1986, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP, owó náírà wálẹ̀ gan-an. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń gbọ́ àwo wọ́n, nítorí òkè òkun ló ti ń wá. Ohun èlò tí ilé-iṣẹ́ fi ń tẹ àwo náà wọ́n. Nígbà tí a fi máa wọ ọdún 1990 àti díẹ̀, àwo tuntun ti di ohun tí a kì í sábà rí mọ́.

Ohun kẹta ni ogún. Bí baálé ilé bá kú, àwọn ọmọ lè bá ara wọn fa oko kòkó, wọ́n lè fa ilẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ilé tí wọ́n ti jà sí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Àjà ni wọ́n máa ń gbé e lọ, tàbí kí wọ́n fi ta ẹni tó ń ra àlòkù. Bí àwo tí bàbá ń fi aṣọ funfun nù ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi ṣe dé orí àpò sìmẹ́ǹtì nìyẹn.

Ibi tí a ti ń wá a

Ọjà jẹ́ ibì kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó dára jù. Àwo tó dé ọjà ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, òjò ti pa òmíràn, oòrùn ti sá òmíràn. Ẹ lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún rédíò ṣe sàn ju ọjà lọ. Àwọn èèyàn máa ń gbé rédíògíráàmù wá fún àtúnṣe pẹ̀lú àwo nínú rẹ̀, wọn kò sì padà wá gbé e. Atúnrédíòṣe náà mọ àwo tó dún dáadáa, nítorí òun ló fi ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ilé ọtí àti hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ní àwo púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Àwo ilé ọtí ti kọrin ní alaalẹ́ fún ọdún púpọ̀, abẹ́rẹ́ tó ti gbó sì ti ha á lára.

Ilé àwọn tíṣà àgbà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ń to àwo bí ìwé, wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí i, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá gbọ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti di olóògbé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe òkú tán, kí ogójì ọjọ́ sì kọjá. Ẹ kí ìyá tó wà nílé, ẹ jókòó, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ bá wá.

Bí a ṣe ń yẹ àwo wò

Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín tàbí kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ di àwo mú ní etí, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há a, kí ìka yín má ṣe kan ìlà orin. Òróró ọwọ́ máa ń mú eruku lẹ̀ mọ́ inú ìlà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa àwo yọ kúrò nínú páálí. Ẹ má ṣe ra páálí láìrí àwo. Ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe bá Haruna nínú páálí Obey. Ní ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ àwo mẹ́wàá ní alẹ́ ọjọ́ kan, bí ó bá ti di òru, páálí tó bá sún mọ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ti àwo bọ̀.

Ẹ wá yí ojú àwo sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ máa gbé e sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Ohun méjì ni ẹ ó rí: eruku àti ojú ọgbẹ́. Ẹ rántí ọ̀kadà wa. Eruku dà bí iyanrìn tó dà sójú ọ̀nà. Bí a bá gbá a, ọ̀nà ń bẹ níbẹ̀. Ọgbẹ́ dà bí ibi tí ọ̀gbàrá ti gé ọ̀nà. Kò sí ohun tí ìgbálẹ̀ lè ṣe sí i. Nítorí náà, àwo tó dọ̀tí lè jẹ́ àwo tó dára gan-an, ìdọ̀tí ni kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kan ojú lásán? Ẹ fi orí èékánná kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fà á kọjá. Bí èékánná kò bá mọ̀ ọ́n lára, ó lè má dún rárá. Bí èékánná bá kọ́ ọ, abẹ́rẹ́ náà yóò kọ́ ọ. Ẹ ó máa gbọ́ "kọ́, kọ́, kọ́" ní gbogbo ìgbà tí àwo bá yí dé ibẹ̀, tàbí kí olórin máa sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí ẹ ó fi gbé abẹ́rẹ́ kúrò.

Ẹ gbé àwo dé ọ̀gangan ojú yín, kí ẹ wo etí rẹ̀ bí káfíńtà ti ń wo pákó bóyá ó gún. Páànù gbígbóná lókè àjà máa ń mú kí ike àwo tẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀ ní etí, abẹ́rẹ́ lè gùn ún bí ọkọ̀ ojú omi ti ń gun ìgbì. Bí ó bá ti kákò bí etí ewé tó gbẹ, ẹ fi sílẹ̀.

Níkẹyìn, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ àti ihò àárín rẹ̀. Àwo tó ṣì lágbára dúdú, ó sì ń dán. Èyí tó ti ṣú bí eérú, bí ẹ bá tilẹ̀ ti nù ún, abẹ́rẹ́ búburú ti jẹ ògiri ìlà rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì máa ya. Bí ihò rẹ̀ bá ti fẹ̀, tí ojú híha púpọ̀ sì yí i ká lórí ìwé àárín, àwo náà ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ láyé rẹ̀.

Bí a ṣe ń ka ìwé àárín

Orúkọ olórin, àkọlé, ojú kìn-ín-ní tàbí ojú kejì, ìyára, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà àwo ló máa ń wà lórí ìwé àárín. Nọ́ńbà àwo yìí ṣe pàtàkì. Ilé-iṣẹ́ Decca máa ń kọ WAPS ṣáájú nọ́ńbà àwo ńlá tó gbé jáde níhìn-ín. Nígbà tó yá, ó di DWAPS. EMI ń kọ NEMI. Láàárín àwọn tó ní àmì kan náà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló sábà máa ń dàgbà jù, bí ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lè sọ ìgbà fún yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 àti díẹ̀, African Songs ti Olóyè Bọ́lárìnwá Abíọ́rọ̀ ló ń gbé orin Sunny Adé jáde. Ní ọdún 1974, Sunny Adé dá ilé-iṣẹ́ Sunny Alade tirẹ̀ sílẹ̀, SALPS sì ni àmì àwo ńlá rẹ̀. Bí ẹ bá rí SALPS, ẹ ti mọ̀ pé kò ṣáájú ọdún yẹn.

Bí ìwé àárín bá ti ya, tàbí tí ikán ti jẹ ẹ́, ẹ má ṣe sọ ìrètí nù. Ẹ wo ibi dídán tó wà láàárín òpin ìlà orin àti ìwé àárín. Wọ́n sábà máa ń fi ohun ẹnu ṣóńṣó kọ nọ́ńbà síbẹ̀, ẹ lè fi mọ àwo tó jẹ́.

Ẹ tún fiyè sí orúkọ tó kan wa. Victor Ọláìyá, ọ̀gá háíláìfù tí wọ́n bí ní Calabar ní ọdún 1930, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lẹ́bàá Ìkọ̀lé ni. Roy Chicago wá láti Ìkàrẹ́, kò jìnnà sí Ọ̀mùò. Ọ̀fà, tí kò jìnnà sí wa ní òkè, ni wọ́n bí I. K. Dairo sí ní ọdún 1930. Òun ló fi àkọ́díọ̀nù kún jùjú, tó sì gba oyè MBE ní ọdún 1963. Elemure Ògúnyẹmí ti Èmùré sì fi èdè Èkìtì wa gan-an kọrin. Ìwé tí wọ́n fi ẹ̀ka èdè Èkìtì kọ kò pọ̀. Bí àwọn àgbà ṣe ń fa ọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn sókè ní ìparí gbólóhùn, inú àwo irú rẹ̀ ló kù sí.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu. Èyí tó lókìkí jù kọ́ ló ṣọ̀wọ́n jù. Oroki Social Club tí Haruna Ishola gbé jáde ní ọdún 1971 tà káàkiri, nítorí náà ẹ lè bá a ní ibi púpọ̀. Àwo olórin kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ ní ìwọ̀nba, tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́, lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó kù ní gbogbo agbègbè yín.

Níná ọjà

Ẹ kí ọlọ́jà kí ẹ tó fọwọ́ kan ọjà rẹ̀. "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ̀gbá." Ẹ ṣà á jọ, márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kí ẹ wá ná gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọlọ́jà tí kò fẹ́ dín owó ẹyọ kan máa ń fẹ́ dín owó ìdì, nítorí ó fẹ́ kí òkìtì fúyẹ́ kó tó padà sílé. Bí ọgbẹ́ bá wà lára àwo, ẹ fi hàn án pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ opó tàbí ọmọ olóògbé ló ń tà á nílé, ẹ má ṣe ná an bí ẹni ná gààrí. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa àwo náà fún wọn, kí ẹ sì san iye tí ẹ kò ní í tijú rẹ̀ bí ẹ bá tún pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí.

Fífọ̀ àti títọ́jú

Bí ẹ bá délé, ẹ bu omi tó mọ́, ẹ kán ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ fi aṣọ òwú rírọ̀ nù àwo yípo bí ìlà ti yípo, ẹ má ṣe gé ìlà kọjá láti etí sí àárín. Ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ fi aṣọ mìíràn gbà á, ẹ sì gbé e sí ibòji kó gbẹ. Ẹ má ṣe sá a sóòrùn. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì nù ún. Bí ó bá jẹ́ àwo olóje, ẹ má ṣe jẹ́ kí sípíríìtì kàn án, nítorí yóò yọ́ ọ. Ẹ má sì jẹ́ kí omi kan ìwé àárín.

Ẹ to àwo ní ìnàró bí ìwé, ẹ má ṣe tò wọ́n lé ara wọn, nítorí èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń ru gbogbo ẹrù. Ẹ gbé wọn kúrò ní ilẹ̀ nítorí ikán, kúrò ní àjà nítorí páànù, kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ààrò nítorí èéfín. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bò wọ́n.

Ohun tí owó àlejò kò mọ̀

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn àlejò láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú òkìtì yìí kiri. Ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù ṣa orin àtijọ́ jọ sínú àkójọ Nigeria 70 ní ọdún 2001; Soundway gbé Nigeria Special jáde ní ọdún 2007; Analog Africa ṣe irú rẹ̀ fún Benin àti Tógò ní ọdún 2008. Àwọn àwo kan tó ti wà lórí àpò sìmẹ́ǹtì rí di ohun tí wọ́n ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là rà. Inú mi dùn pé orin náà kò kú.

Ṣùgbọ́n ìlù àti gìtá ni púpọ̀ nínú owó yẹn ń lé. Kò mọ oríkì. Kò mọ̀ pé orúkọ tí olórin dá ní àárín ojú kejì jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yín. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń ta wúrà fún, àwa la sì gbọ́ èdè tó wà nínú àwo wọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Haruna tí mo rà ní náírà márùn-ún. Alẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́ ni mo tó ka ohun tí wọ́n fi báírò kọ sórí ìwé àárín: orúkọ ọkùnrin kan, "Ìkọ̀lé, December 1974, No. 14." Bí aṣọ tútù ọwọ́ mi bá ti kàn án ni, ìbá ti parẹ́. Nọ́ńbà 14 túmọ̀ sí pé mẹ́tàlá ti ṣáájú rẹ̀ ní ilé ọkùnrin yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé àárín gbogbo àwo tí mo bá rí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo rí No. 9 ní ṣọ́ọ̀bù atúnrédíòṣe kan ní Ọ̀yẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bá No. 22 ní Ìfàkì, àwo Obey kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn dì nítorí kò ní páálí. Ọdún méjì ni páálí rẹ̀ ti wà nílé mi, tí mo ń ti Haruna bọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ra àwo, ẹ má ṣe nu orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kúrò. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, pẹ̀lú ìlú tí ẹ ti rà á àti ọjọ́ tí ẹ rà á, kí ẹ sì fi bébà náà sínú páálí. Òkìtì tí wọ́n tú ká láti ilé kan lè tún padà pàdé ara rẹ̀.